Òkìkí Kì Í Ṣe Onídùúró

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá kò ní í ṣàìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa dìde, wọ́n ní àwọn ń ta aṣọ, bàtà àti ìpara lórí fóònù, pé àwọn èèyàn tó ń tẹ̀lé àwọn lórí Instagram àti TikTok pọ̀ bí eṣú. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má ṣe bèèrè onídùúró méjì lọ́wọ́ àwọn mọ́ kó tó yá àwọn lówó, nítorí pé òkìkí tí àwọn ní tó láti dúró fún àwọn.

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tilẹ̀ bèèrè pé, "Nínú gbogbo èrò tó ń wò yín nínú fóònù yẹn, ta la ó lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀ bí owó bá há?" Ni ariwo bá sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní wọ́n ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn àgbà ní àwọn ọmọ yìí fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. A kò parí ọ̀rọ̀ náà tí ilẹ̀ fi ṣú, alága sì ní kí á dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àwa tí à ń ṣètò ìwé yìí ní ohun tí a fẹ́ sọ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ṣùgbọ́n a fẹ́ gba pápá eré ìje kọjá ná, nítorí obìnrin kan wà níbẹ̀ tó lè là wá níjà. Ẹ fara balẹ̀ fún wa, a ó padà sídìí owó.

Ta ni kò rántí ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1996? Ọjọ́ náà ni Chioma Ajunwa, ọmọ Nàìjíríà, fò jìnnà tó mítà 7.12 ní Atlanta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó sì gba wúrà Òlíńpíìkì, wúrà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa gbà rí nínú eré náà. Ayọ̀ wa pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò wo ẹni tó dúró sí ipò kẹta. Jackie Joyner-Kersee ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, iṣan itan ń dùn ún, wọ́n sì fi báńdéèjì di itan náà. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni ìrora ti lé e kúrò nínú eré alápá méje tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọba ibẹ̀. Nígbà tó ku ìfò kan ṣoṣo, kò tíì sí láàárín àwọn mẹ́ta tó ń gba ẹ̀yẹ. Ó sáré, ó fò, wọ́n wọ̀n ọ́n, mítà 7.00 géérégé. Ó fi gba bàbà. Ìfò kẹ́yìn tó fò nínú Òlíńpíìkì nìyẹn.

Ta wá ni obìnrin yìí? Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1962 ni wọ́n bí i ní East St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ìlú kan létí odò Mississippi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Ìlú náà ti ní iṣẹ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kó lọ, òṣì sì wọlé. Kì í ṣe ọmọ olówó. Ilé ìpàdé àdúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀ eré ní kékeré. Ó mọ bọ́ọ̀lù aláwọ̀n gbá, ó mọ̀ ọ́n fò, ó mọ̀ ọ́n sá, èyí ló sì gbé e dé yunifásítì ìjọba California ní Los Angeles. Ibẹ̀ ló wà tí ìyá rẹ̀ fi kú lójijì ní 1981. Ibẹ̀ náà ni àwọn dókítà ti sọ fún un pé ó ní ásímà, àìsàn tí í máa ń sé èémí mọ́ni láyà. Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí èémí ń sé mọ́ láyà, eré sísá ló fi ṣe iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí eré alápá méje ṣe rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Òyìnbó ń pè é ní heptathlon. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á sá 100 mítà, wọ́n á máa fo igi ìdènà kọjá bí wọ́n ti ń sáré. Wọ́n á fò sókè. Wọ́n á ju irin róbótó tó wúwo. Wọ́n á tún sá 200 mítà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á fò jìnnà, wọ́n á ju ọ̀kọ̀, wọ́n á wá fi 800 mítà kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n dé eegun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèje ló ní máàkì tirẹ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba wúrà.

Ṣebí ẹ ti rí i? Ìwé ìdáwó ni! Kì í ṣe ẹni tó mú owó ńlá wá lẹ́ẹ̀kan, tó wá sá lọ fún oṣù mẹ́fà, ni ìwé máa ń gbè. Ẹni tó ń mú tirẹ̀ wá lósoosù, ọjà tà o, ọjà ò tà o, òun ni àpapọ̀ rẹ̀ máa ń ga.

Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ fi eré alápá méje sínú Òlíńpíìkì, ní Los Angeles. Kó tó di ìgbà náà, alápá márùn-ún ni ti àwọn obìnrin. Jackie lọ síbẹ̀, ó sì ń lé iwájú títí ó fi ku 800 mítà nìkan. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 13.03 ló fi sá a. Glynis Nunn ará Ọsirélíà ti parí tirẹ̀ ní 2:10.57. Wọ́n ro máàkì pọ̀. Nunn ní 6,390, Jackie ní 6,385. Máàkì márùn-ún péré! Ká ní ó fi ohun tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, tirẹ̀ ni wúrà ì bá jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Al Joyner, gba wúrà tirẹ̀ nínú fífò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ wo ilé kan náà, wúrà wọlé, wúrà sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, náírà díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú ìdáwó mi, ẹ fi sílẹ̀ jàre," ẹ rántí máàkì márùn-ún yìí.

Kí ló wá ṣe? Kò lọ máa sọ kiri pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó padà sídìí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ní 1986, ní Moscow, ó ní 7,148, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ láyé tó kọjá 7,000. Kò pẹ́ sígbà náà tó tún fi 7,158 lé e ní Houston. Ní ọdún yẹn kan náà ló fẹ́ Bob Kersee tó ń kọ́ ọ léré. Nígbà tó di Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, ó sá 800 mítà ní 2:08.51, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àti àbọ̀ yá ju ti 1984 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ di 7,291. Títí di àsìkò tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí obìnrin kan láyé tó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú 7,291 náà wò bí akápò ti í tú ìwé. Fífò jìnnà ló fún un ní máàkì tó pọ̀ jù, 1,264. Ọ̀kọ̀ jíjù ló fún un ní èyí tó kéré jù, 776. Ká ní ó ní, "Èmi, àgbà nínú fífò, kí ni mo fẹ́ fi ọ̀kọ̀ jíjù ṣe?" tó wá fi í sílẹ̀, 6,515 ni ì bá kù sí i lọ́wọ́. Sabine John ará Ìlà-Oòrùn Jámánì tó gba ipò kejì sì ní 6,897. Èyí tó kéré jù nínú méje ló di wúrà náà mú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ló tún gba wúrà fífò jìnnà pẹ̀lú mítà 7.40. Ní Barcelona ní 1992, ó tún gba wúrà alápá méje. Ní 1998 ló dágbére fún eré alápá méje, lẹ́yìn tó ti borí nínú èyí tó ṣe kẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìyí. Ọmọ tiwa náà ti ṣe irú rẹ̀. Modupe Oshikoya lọ sí Christchurch ní New Zealand ní 1974 fún eré àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ó gba wúrà nínú fífò jìnnà, ó gba fàdákà nínú 100 mítà olókè igi, ó sì tún gba bàbà nínú eré alápá márùn-ún tó jẹ́ ìyá alápá méje. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ orúkọ yìí? Ẹ bi wọ́n léèrè lálẹ́ òní.

Ó ti pẹ́ tí Jackie ti fi eré sílẹ̀, síbẹ̀ òkìkí rẹ̀ kò kú. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tó ń sáré ń wo fíìmù Seoul lórí fóònù wọn. Nígbà tí Anna Hall, ọmọ Amẹ́ríkà, ní 7,032 ní Götzis ní ilẹ̀ Austria ní 2025, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olùfẹ́ eré ń bi ara wọn ni pé, "Mélòó ló kù kó dé ọ̀dọ̀ Jackie?" Ó ku 259. Máàkì mẹ́fà tó ga jù nínú ìtàn eré náà, Jackie nìkan ló ni gbogbo wọn. Nítorí náà, bí orúkọ ọmọ tuntun bá ti dìde, ó di dandan kí wọ́n pe orúkọ tirẹ̀ náà. Kò gbé fóònù dúró níwájú ara rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ìwé ló ń pè é. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó fi òkìkí náà ṣe. Ilé ìpàdé àdúgbò tó ti kọ́ eré ní kékeré ti tì. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀ ní 1988, ó ń wá owó kiri, nígbà tó sì di 2000 wọ́n ṣí ilé ńlá kan fún àwọn ọmọ East St. Louis, kí wọ́n lè rí ibi ṣeré, kí wọ́n sì rí ibi kàwé lẹ́yìn ilé-ìwé. Láti 2011 ló sì ti ń lọ káàkiri gẹ́gẹ́ bí agbẹnusọ fún ètò tí ilé-iṣẹ́ Comcast fi ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ìdílé tí kò rí jájẹ. Òkìkí tirẹ̀, ọ̀nà ló fi ń là fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò fojú kéré ọjà tí ẹ ń tà lórí fóònù. Irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe ọjà. A mọ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ pé yàrá rẹ̀ ló ti ń di ẹrù lọ sí Kano àti Port Harcourt. Ṣùgbọ́n èrò tó ń wo ọjà kọ́ ni èrò tó ń ra ọjà, ẹni tó ń ra ọjà kọ́ sì ni ẹni tó máa san gbèsè rẹ. Bí ọjọ́ pé, òkìkí kò lẹ́sẹ̀ tó fi máa wá sí ọ́fíìsì akápò.

A ní láti jẹ́wọ́ ohun kan, nítorí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa fúnra wa la gbé àwòrán ọmọ ẹgbẹ́ kan sí iwájú ìwé yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Èrò ń wọ́ tẹ̀lé e lórí fóònù nígbà náà, gbogbo ìlú ń pe orúkọ rẹ̀. A kọ ọ́ pé irú rẹ̀ là ń fẹ́. Kò sẹ́ni nínú wa tó ṣí ìwé ìdáwó rẹ̀ wò. Ká ní a ṣí i ni, à bá ti rí i pé oṣù mẹ́rin péré ló dáwó nínú méjìlá. Ó yá owó ńlá. Ọjà há. Àwòrán ń dán lórí fóònù, owó kò padà wálé. Àwọn méjì tó dúró fún un ló san án. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláta, ìdáwó ọdún mẹ́ta ló bá a lọ. Nígbà tí a bi í pé kí ló mú un fọwọ́ sí i, ó ní, "Ṣebí inú ìwé yín ni mo ti rí i." A kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà la ti mọ̀ pé bí òkìkí bá fọ́, ẹlòmíràn ló ń ṣa àfọ́kù.

Ìdí nìyí tí a fi lòdì sí i pé kí ẹgbẹ́ fi òkìkí dípò onídùúró. Onídùúró kì í ṣe ìyà tí a fi ń jẹ èèyàn. Ẹni tó mọ ilé rẹ, tó mọ ọjọ́ tí ọjà rẹ kò tà, tó lè wá bá ọ lálẹ́ sọ pé, "Àbúrò mi, kí ló dé?" ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Àwọn ọmọ yìí sọ òótọ́ kan tí ẹ fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àǹtí nínú ẹgbẹ́, kì í rí onídùúró méjì, bó ti wù kí ìdáwó rẹ̀ péye tó. Òótọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú wa tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ìtìjú ni. Ìwé ọmọ náà mọ́, síbẹ̀ à ń lé e padà. Ọmọ olókìkí ò dáwó, à ń ya fọ́tò rẹ̀. Ta ló wá jẹ̀bi?

Àbá tiwa rèé. Àkọ́kọ́, kí òfin onídùúró dúró, kí a má sì fi iye èrò orí fóònù ṣírò lóònù ẹnikẹ́ni. Èkejì, ọmọ ẹgbẹ́ yòówù tó bá dáwó fún oṣù méjìlá láìfo ọ̀kan, tó sì ti yá owó kékeré tó san án pé lásìkò, kí onídùúró kan tó fún un. Ìbáà máa ta lórí fóònù, ìbáà máa ta lórí pẹpẹ, òfin kan náà ni. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ gbà láti wo àkọsílẹ̀ ọjà àwọn tó ń ta lórí fóònù, ìyẹn àláàtì báńkì àti ìwé ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́, bí wọ́n ti ń wo ìwé ọjà onísọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kó tó dúró fún un, kí ó má lè dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àrọwà kan ṣẹ́kù. Èrò tí ẹ ní lórí fóònù yẹn, ẹ yá ìyá elélùbọ́ àti bàbá aláṣọ òkè inú ẹgbẹ́ wa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bá wọn fi ọjà wọn hàn, ẹ gba ẹ̀tọ́ yín lórí rẹ̀. Ọdún kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i bóyá ẹ tún máa wá onídùúró tì. Àwọn àgbà tó ń fi yín rẹ́rìn-ín lónìí ni yóò máa du bírò láti fọwọ́ síwèé yín.

Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tiwa, kí ó kọ ọ́ wá fún akọ̀wé, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde bó ti wà. Ọjọ́ ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa ní ìbò kan ò lè tu irun kan lára ọ̀rọ̀. Máàkì márùn-ún ló gba wúrà lọ́wọ́ ẹni tó dára jù láyé.

Ọjà á tà o, ẹgbẹ́ ò ní í tú.